Ojú Táyé àti Ojú Kọ̀ǹpútà

Kí a tó kàwé

Àlọ́ o! Ilé kékeré méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní òwúrọ̀, wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ní alẹ́, wọ́n ń tìlẹ̀kùn. Kí ni o?

Ojú ni.

Ẹ wo ojú ẹni tí ó jókòó tì yín. Kí ni ẹ rí níbẹ̀? Kí ni ojú ń ṣe fún wa? Bí a bá rìn jìnnà, ó máa ń rẹ ẹsẹ̀. Ǹjẹ́ ó máa ń rẹ ojú náà? Ẹ jẹ́ ká ka ìtàn yìí, kí á lè mọ̀.

1. Táyé àti Kẹ́hìndé lọ sí Savalou

Táyé àti Kẹ́hìndé jẹ́ ìbejì. Ọmọ ọdún 8 ni wọ́n. Ọkùnrin ni Táyé, obìnrin ni Kẹ́hìndé. Táyé ni ó kọ́kọ́ dé ayé, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Bantè ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí wọn. Bàbá wọn ní oko iṣu àti oko kajú.

Bantè àti Savalou jẹ́ ìlú méjì ní Benin. Agbègbè Collines ni àwọn méjèèjì wà. Ní èdè Faransé, ìtumọ̀ collines ni àwọn òkè. Orúkọ náà bá agbègbè yìí mu, nítorí òkè pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà ńlá kan ni ó so Savalou pọ̀ mọ́ Bantè.

Oṣù kẹjọ dé. Ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi. Ìyá di ẹrù àwọn ọmọ náà, ó sì mú wọn wọ tasí. Wọ́n ń lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ Tàǹtí ní Savalou. Tàǹtí ni ẹ̀gbọ́n ìyá wọn.

Nígbà tí wọ́n dé, Táyé dọ̀bálẹ̀, Kẹ́hìndé sì kúnlẹ̀.

“Ẹ káàsán, Tàǹtí.”

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ṣé àlàáfíà ni bàbá yín wà?”

“Àlàáfíà ni, Tàǹtí. Wọ́n ní kí á kí yín.”

Tàǹtí ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà kan wà nínú rẹ̀, àti ẹ̀rọ tí ó ń tẹ̀wé jáde. Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ lẹ́tà tí ó mọ́, Tàǹtí ni ó máa wá bá. Wọ́n á tẹ lẹ́tà náà sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Owó tí wọ́n ń rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun. Òun náà ni wọ́n fi ń san owó ilé.

Ní àkókò yìí, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Tàǹtí. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ọdọọdún, Savalou máa ń ṣe ọdún iṣu tuntun. Àlejò ń ti ìlú mìíràn wá. Gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ ìwé ìpè, gbogbo wọn ni ó sì ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Tàǹtí, ẹ ṣe tèmi kíá.”

2. Ojú kọ̀ǹpútà dùn ún wò

Táyé kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Tàǹtí pè é, wọ́n fi bọ́tìnnì hàn án. Táyé tẹ T, ó tẹ A, ó tẹ Y, ó tẹ E. Orúkọ rẹ̀ jáde lójú kọ̀ǹpútà. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó rí eré kan nínú kọ̀ǹpútà náà. Bọ́ọ̀lù kékeré kan ń sáré, Táyé sì gbọ́dọ̀ mú un. Nígbà tí Tàǹtí bá lọ sí ọjà, Táyé á jókòó sídìí eré yìí. Nígbà tí Tàǹtí bá fẹ́ ṣiṣẹ́, Táyé á gba fóònù wọn, á tún máa wo òun náà.

Kẹ́hìndé fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìta jù. Ó ń bá àwọn ọmọ àdúgbò fi okùn fò. Ó ń bá wọn sáré dé ìdí igi máńgòrò, wọ́n á sì sáré padà.

“Táyé, wá ká lọ ṣeré!”

“Mò ń bọ̀.”

Ṣùgbọ́n Táyé kò wá.

Ní ọ̀sán, Kẹ́hìndé tún pè é. “Táyé, a ti ń jẹun o!”

“Mò ń bọ̀. Ó ku díẹ̀.”

Iyán tutù, Táyé kò tíì dé.

Ní alẹ́, Tàǹtí pa iná, gbogbo ilé sì sùn. Táyé fi aṣọ bo orí, ó tan fóònù sábẹ́ aṣọ náà. Inú òkùnkùn ni ó wà. Ìmọ́lẹ̀ fóònù ń tàn sí i lójú. Ó gbé fóònù náà súnmọ́ imú rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó sùn.

Báyìí ni ó ṣe fún ọjọ́ márùn-ún.

3. Táyé fi ọ̀rọ̀ pamọ́

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, ojú ń yún Táyé. Ó ń ṣe é bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ra ojú náà, ó túbọ̀ ń ta á. Nígbà tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, bọ́ọ̀lù kan di méjì. Nígbà tí ó gbójú sókè wo ọ̀nà, ó rí àwọn ènìyàn bàìbàì. Lẹ́yìn náà, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń bẹ̀rù. Ó rò pé bí òun bá sọ ọ́, Tàǹtí kò ní jẹ́ kí òun fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́.

Ẹ̀rù mìíràn tún wà, èyí sì tóbi jù. Bàbá arúgbó kan wà ní Bantè tí ojú wọn ti fọ́. Ọmọdé kan ni ó máa ń di ọ̀pá wọn mú, tí yóò fà wọ́n lọ sí ọjà. Táyé rántí bàbá náà. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ń sunkún jẹ́jẹ́.

Kẹ́hìndé gbọ́.

“Táyé, kí ló dé?”

“Ojú mi ń fọ́,” ni Táyé wí. “Má sọ fún Tàǹtí.”

Kẹ́hìndé kò dáhùn. Ó di ọwọ́ Táyé mú títí oorun fi gbé e lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ohun gbogbo fún Tàǹtí.

Tàǹtí kò bínú. Wọ́n jókòó, wọ́n mí kanlẹ̀.

“Kẹ́hìndé, ojú ń dun èmi náà,” ni wọ́n wí.

Kẹ́hìndé wo Tàǹtí dáadáa. Òótọ́ ni. Ojú wọn pọ́n. Ìwé kan wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n nà án jìnnà sí ara wọn kí wọ́n tó lè kà á. Ọkùnrin kan ni ó dá ìwé náà padà ní àná. Ó fẹ́ pe ìpàdé ẹbí rẹ̀ ní ọjọ́ 15. Ṣùgbọ́n ohun tí Tàǹtí tẹ̀ ni ọjọ́ 51. Oṣù wo ni ó ní ọjọ́ 51? Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Tàǹtí kò rẹ́rìn-ín.

“Bí ojú yìí bá kọṣẹ́ sílẹ̀, kí ni n ó fi jẹun?” ni Tàǹtí wí.

Wọ́n ṣí àpótí kan, wọ́n mú ìgò kékeré kan jáde. Oògùn ojú ni. Ọwọ́ ẹni tí ó ń kiri oògùn ní ọjà ni wọ́n ti rà á. Wọ́n kán an sójú ara wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n pe Táyé.

“Wá, jẹ́ kí n kán díẹ̀ sí ọ lójú.”

Aládùúgbò kan tí ó wà nítòsí ní, “Ewé ni ó dára jù. Ẹ jẹ́ kí n fún omi ewé sí i lójú.”

Táyé gbé orí sókè. Tàǹtí gbé ìgò sókè.

“Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́,” ni Kẹ́hìndé wí. “Tíṣà wa sọ pé kí á má fi ohunkóhun sí ojú tí dókítà kò tíì wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn.”

Tàǹtí dákẹ́. Wọ́n wo ìgò ọwọ́ wọn. Wọ́n wo ojú Táyé. Wọ́n dé ìgò náà padà.

“Ẹ wọ bàtà yín,” ni wọ́n wí.

4. Ní ilé ìwòsàn

Obìnrin ni dókítà tí ó wo ojú wọn. Wọ́n kọ́kọ́ fọ ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ìwé ńlá kan kọ́ sára ògiri. Lẹ́tà E nìkan ni ó wà lórí ìwé náà. Àwọn kan tóbi, àwọn kan kéré. Ẹsẹ̀ E kan kọjú sí òkè, ti òmíràn kọjú sí ìsàlẹ̀, ti òmíràn sí ọ̀tún tàbí sí òsì.

Táyé dúró ní mítà 6 sí ògiri. Ó fi ọwọ́ bo ojú kan. Dókítà na ọ̀pá sí E kan, Táyé sì fi ìka hàn ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé àwọn E tí ó kéré jù. Lẹ́yìn náà, ó bo ojú kejì, ó sì tún ṣe é.

“Ojú rẹ kò fọ́,” ni dókítà wí. “Kò sì ní fọ́ nítorí kọ̀ǹpútà. Ó rẹ ojú rẹ ni.”

Táyé mí kanlẹ̀. Omijé tún bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ayọ̀ ni.

“Wákàtí mélòó ni o fi ń wo kọ̀ǹpútà lójúmọ́?”

Táyé wo ilẹ̀. “Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, Dókítà. Mo tún ń wo fóònù nínú òkùnkùn.”

“Ó dára. Di ọwọ́ rẹ ní ẹ̀ṣẹ́. Dì í gan-an, má sì tú u.”

Táyé di ọwọ́ rẹ̀. Dókítà ń bá Tàǹtí sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Táyé pariwo, “Ọwọ́ ń ro mí o!”

“Tú u sílẹ̀. Báwo ni?”

“Ó ti dùn mọ́ mi.”

“Báyìí náà ni ojú rí,” ni dókítà wí. “Nínú ojú, awò kékeré kan wà tí ó mọ́ gaara bí omi. Iṣan kékeré kan yí i ká. Bí o bá wo ohun tí ó wà nítòsí, iṣan náà á ṣiṣẹ́, á fún bí ọwọ́ tí a dì. Bí o bá wo ohun tí ó jìnnà, iṣan náà á tú, á sì sinmi. O wo ohun tí ó wà nítòsí láti òwúrọ̀ di alẹ́. O kò tú ọwọ́ náà sílẹ̀ rárá.”

Dókítà tún pe Kẹ́hìndé. “Wo ojú Táyé. Ka iye ìgbà tí yóò ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú kan, bí a ti ń sọ̀rọ̀.”

Kẹ́hìndé kà á. Ó jẹ́ ìgbà 15.

Dókítà wá gbé fóònù lé Táyé lọ́wọ́, eré sì wà nínú rẹ̀. Kẹ́hìndé tún kà á. Ó jẹ́ ìgbà 6 péré!

“Ṣé ẹ rí i?” ni dókítà wí. “Bí a bá ṣẹ́jú, ìpéǹpéjú á fi omi ojú nu ẹyinjú. Kò ní gbẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ, a máa ń gbàgbé láti ṣẹ́jú. Ojú á gbẹ, á máa yún, á máa ta bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀.”

Ó kan Tàǹtí. Tàǹtí rí àwọn E ara ògiri dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà fún wọn ní ìwé kékeré, wọn kò lè kà á láìnà án jìnnà.

“Tàǹtí, ojú ti rẹ ẹ̀yin náà,” ni dókítà wí. “Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà. Bí ènìyàn bá ti tó ẹni 40 ọdún, awò inú ojú kì í rọ̀ bíi ti ọmọdé mọ́. Ohun tí ó wà nítòsí á di bàìbàì. Àìsàn kọ́. Awò ojú ni ẹ nílò fún iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin ìbejì mi ti Bantè kò nílò rẹ̀ ní tiwọn. Ìsinmi ni Táyé nílò.”

Tàǹtí fi ìgò oògùn ojú hàn wọ́n. Dókítà kà á, wọ́n mi orí.

“Ẹ má lò ó mọ́. Oògùn tí ó wo ojú ẹnì kan lè ba ojú ẹlòmíràn jẹ́. Omi ewé náà lè kó ìdọ̀tí sínú ojú. Ojú kò ní ìpààrọ̀.”

5. Òkè!

Nígbà tí wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù, Tàǹtí tún ibẹ̀ tò. Tẹ́lẹ̀, oòrùn ojú fèrèsé máa ń tàn sórí kọ̀ǹpútà, ó sì máa ń dán bíi dígí. Wọ́n yí tábìlì padà kí fèrèsé lè wà ní ẹ̀gbẹ́. Wọ́n sún kọ̀ǹpútà sẹ́yìn títí ó fi jìnnà tó apá kan. Wọ́n gbé e wálẹ̀ díẹ̀, kí ojú kọ̀ǹpútà má ga ju ojú ènìyàn lọ. Wọ́n sọ lẹ́tà inú rẹ̀ di ńlá.

Láti ojú fèrèsé náà, ènìyàn lè rí òkè kan lọ́ọ̀ọ́kán. Òkè náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n Tàǹtí kì í ráyè wò ó.

Kẹ́hìndé ni ó ń ṣọ́ aago. Bí ìṣẹ́jú 20 bá pé, Kẹ́hìndé á pariwo, “Òkè!” Tàǹtí á gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Táyé á gbé ojú kúrò lára eré. Wọ́n á jọ wo òkè náà, wọ́n á máa ṣẹ́jú, wọ́n á sì ka 1 dé 20 jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kìíní, àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín wọn. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn oníbàárà náà ń bá wọn kà á.

Tàǹtí fún Táyé ní òfin méjì. Kì yóò lo kọ̀ǹpútà ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, fóònù yóò wà nínú yàrá Tàǹtí. Ojú Táyé kọ́kọ́ rọ̀ nígbà tí ó gbọ́ òfin náà. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré dé ìdí igi máńgòrò pẹ̀lú Kẹ́hìndé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ojú kò yún un mọ́, orí kò sì fọ́ ọ mọ́.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ pé. Ìlù ń dún ní Savalou. Iṣu tuntun wà níbi gbogbo. Ènìyàn pọ̀ bí eṣú. Táyé rí ọkùnrin kan tí ó ń bọ̀ láti òkèèrè, ó sì dá a mọ̀. Ẹni tí ó dá ìwé ọjọ́ 51 padà ni.

“Tàǹtí, oníbàárà yín ń bọ̀!”

Ọkùnrin náà mú iṣẹ́ tuntun wá. Ní ọjọ́ kejì, Tàǹtí fi awò ojú wọn tuntun sójú. Wọ́n tẹ ìwé náà, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Kẹ́hìndé wo aago.

“Òkè!”

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ sí i

*Ìṣẹ́jú.* Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nínú rẹ̀, ẹ ó rí ṣẹ́ àti ojú. Àkókò kúkúrú tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú ni a fi sọ ìṣẹ́jú lórúkọ. Ènìyàn máa ń ṣẹ́jú tó ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan. Lójú kọ̀ǹpútà, ó lè dín kù di ìgbà 5 sí 7.

*Ìta dára fún ojú.* Ọmọ tí ó ń ṣeré níta lójoojúmọ́ kì í tètè ní ojú tí kò lè rí ọ̀nà jíjìn. Ní Taiwan, ní Éṣíà, láti ọdún 2010, wọ́n ti ń rọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ pé kí ọmọ wà níta fún 120 ìṣẹ́jú lójúmọ́. Àwọn ọmọ Bantè àti Savalou ní ìta, wọ́n ní òkè, wọ́n sì ní oko tí wọ́n lè wò dé ibi tí ojú mọ.

*Àwọn àbúrò wa.* Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ jókòó wo ojú ẹ̀rọ ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́.

*Ojú mímọ́.* Kì í ṣe ojú ẹ̀rọ nìkan ni ó ń fa ìrora ojú. Ọwọ́ ìdọ̀tí, aṣọ ìdọ̀tí àti eṣinṣin máa ń gbé àrùn kan tí ń jẹ́ trachoma láti ojú ẹnì kan dé ojú ẹlòmíràn. Àrùn yìí lè fọ́ ojú. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Benin ti ṣẹ́gun rẹ̀: kì í ṣe ìṣòro ńlá fún ará ìlú mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa fi omi tó mọ́ bọ́jú ní òròòwúrọ̀, kí ó má bàa padà wá.

Rántí

1. Jókòó jìnnà sí kọ̀ǹpútà tó apá kan.
2. Bí ìṣẹ́jú 20 bá pé, wo ohun tí ó jìnnà ju mítà 6 lọ. Ka 1 dé 20 jẹ́jẹ́.
3. Máa ṣẹ́jú.
4. Má wo fóònù nínú òkùnkùn. Pa á kí o tó lọ sùn.
5. Má fi ọwọ́ ra ojú.
6. Má fi oògùn tàbí omi ewé sí ojú tí dókítà kò tíì wò.
7. Bí ojú bá ń dùn ọ́, bí o kò bá rí ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó, sọ fún àgbà. Má fi pamọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

- ẹyinjú: ohun róbótó tí a fi ń ríran
- ìpéǹpéjú: ìlẹ̀kùn ojú, òun ni a ń pa dé bí a bá fẹ́ sùn
- ṣẹ́jú: kí a pa ojú dé, kí a sì tún là á kíá
- bàìbàì: tí kò hàn dáadáa
- iṣan: ohun inú ara tí ń fún, tí ó sì ń tú, kí ara lè ṣiṣẹ́
- awò ojú: ohun tí a ń fi sójú kí á lè ríran dáadáa
- oníbàárà: ẹni tí ó ń wá rajà tàbí tí ó ń gbé iṣẹ́ wá

Ìbéèrè

1. Níbo ni Táyé àti Kẹ́hìndé ń gbé? Níbo ni wọ́n ti lo ìsinmi?
2. Iṣẹ́ wo ni Tàǹtí ń ṣe?
3. Kí ni Táyé ń ṣe lábẹ́ aṣọ ní alẹ́?
4. Ẹ̀rù méjì wo ni ó ń ba Táyé?
5. Kẹ́hìndé sọ ọ̀rọ̀ Táyé fún Tàǹtí. Ǹjẹ́ ohun tí ó ṣe dára? Kí ló dé tí o fi rò bẹ́ẹ̀?
6. Kí ni àṣìṣe tí ó wà nínú ìwé ọkùnrin náà?
7. Kí ni Táyé nílò? Kí ni Tàǹtí nílò? Kí ló dé tí kì í ṣe ohun kan náà?
8. Kí ni wọ́n ń ṣe bí Kẹ́hìndé bá pariwo “Òkè”?

Parí gbólóhùn wọ̀nyí

Yan ọ̀rọ̀ kan: *òkè, gbẹ, oògùn, apá, fọ́*

1. Bí a kò bá ṣẹ́jú, ojú á ______.
2. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ jìnnà sí wa tó ______ kan.
3. Dókítà sọ pé ojú Táyé kò ______.
4. Láti ojú fèrèsé, Tàǹtí ń wo ______.
5. Tàǹtí kò lo ______ inú ìgò mọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ jókòó ní méjì-méjì. Ẹnì kan á máa sọ ohun tí ó ṣe ní àná. Ẹnì kejì á ka iye ìgbà tí ó ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú kan. Tíṣà ni yóò máa wo aago. Lẹ́yìn náà, kí ẹni àkọ́kọ́ ka ìwé yìí jẹ́jẹ́, kí ẹnì kejì sì tún kà á. Ìgbà wo ni ó ṣẹ́jú jù?
2. Ẹ jáde síta. Kí tíṣà gbé ìṣísẹ̀ 8 láti ara ògiri. Ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 6. Kí ni ẹ lè rí láti ojú fèrèsé kíláàsì yín tí ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ yan ohun kan, kí ẹ sì fún un ní orúkọ. Òun ni yóò jẹ́ “òkè” yín.
3. Ya àwòrán ojú. Kọ orúkọ wọ̀nyí sí i: ẹyinjú, ìpéǹpéjú.
4. Bí o bá délé, bi ẹnì kan tí ó ń lo fóònù tàbí kọ̀ǹpútà púpọ̀ pé, “Ṣé ojú máa ń dùn yín?” Sọ ohun tí Kẹ́hìndé ń ṣe ní ìṣẹ́jú 20 fún un. Ní ọ̀la, wá sọ ohun tí ó dáhùn fún wa.